Nígbà tí Ọwọ́ Bá Gba Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Nídìí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Nígbà tí aránṣọ bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ni gbogbo ojú máa ń wò. Kò sí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yìí gan-an ló ń pinnu bí abẹ́rẹ́ yóò ṣe sáré tó lórí ojú ìrán tó gùn, bí yóò ṣe rọra rìn nígbà tó bá dé ibi tó tẹ̀ ní ọrùn bùbá, àti ìgbà tí yóò dúró pátápátá kí ó má baà gún ìka ẹni tó ń rán an. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń wọ ìsọ̀ mi níhìn-ín ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni kí n gba àṣẹ yìí kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀, kí n gbé e fún ọwọ́, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣe é mọ́ tàbí tí kò ṣe é rí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é, kí n sì sọ ìdí tí ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dábàá fi léwu.

Oríṣiríṣi ni àwọn tó nílò rẹ̀. Àwọn kan wà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré. Ọdún 2016 ni wọ́n rí àrùn náà, irú èyí tó ń jà fúnra rẹ̀, kẹ́yìn ní Nàìjíríà, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé ó ti kúrò ní agbègbè Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mú kí ó tó lọ ṣì wà láàrin wa, púpọ̀ nínú wọn sì ni òbí wọn fi sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ nítorí pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Àwọn mìíràn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúró láàrin iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà èwe. Àwọn ìyá wa kan sì wà tí orúnkún ń dà láàmú, tí ìṣòro wọn kò kọjá pé bí wọ́n bá tẹ pẹ́dàlì láàárọ̀, ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Ìlú Ọ̀yọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Lójú tèmi, kò yẹ kí ìlú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tí aránṣọ ti máa pa ìsọ̀ rẹ̀ tì nítorí ẹsẹ̀.

Kí iná mànàmáná tó dé, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni ìdáhùn, ìyẹn èyí tó ní irin ìmúlọ́wọ́ lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ náà dára, kò sì tíì tán nílé àwọn àgbà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbà lọ. Ẹni tó ń yí i kò ní ju ọwọ́ òsì lọ tí yóò fi darí aṣọ. Bí ó bá jẹ́ etí ṣòkòtò ni a fẹ́ ṣẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń so apá mọ́ ara bùbá, níbi tí etí aṣọ méjì tí kò tẹ̀ bákan náà ti gbọ́dọ̀ dé òpin pọ̀, ọwọ́ kan kì í tó, iṣẹ́ á sì máa fà. Ohun tó mú kí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ gbajúmọ̀ nìyí, láti ayé Isaac Singer, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1851: ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ agbára, ọwọ́ méjèèjì sì bọ́ sórí aṣọ. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Singer yìí kan náà ló tún ṣe ẹ̀rọ oníná bíi èyí tí wọ́n pè ní 99, tí òmíràn nínú rẹ̀ ní irin tó yọ síwájú àpótí, tí aránṣọ ń fi orúnkún ọ̀tún tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí abẹ́rẹ́ lè sáré. Mo máa ń fi èyí han àwọn tó bá ní ìyípadà irú èyí kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló lè pàṣẹ fún un.

Kí a tó gbé iṣẹ́ pẹ́dàlì fún ọwọ́, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mọ́tò kékeré tó wà lára ẹ̀rọ oníná ti inú ilé jẹ́ irú èyí tó ní kábọ́nù méjì tó ń fara ra idẹ tó ń yí. Irú rẹ̀ ló wà nínú bílẹ́ńdà. Bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni yóò ti sáré tó, ojú ọ̀nà iná náà sì ni pẹ́dàlì jókòó sí. Nínú àwọn pẹ́dàlì àtijọ́, kábọ́nù pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n tò léra nínú ihò tánganran. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra ni iná á ṣe máa ráyè kọjá, èyí tí wọn kò sì jẹ́ kó kọjá á di ooru. Ìdí nìyẹn tí irú pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀ fi máa ń gbóná bí a bá rán aṣọ pẹ́ pẹ̀lú ìrìn jẹ́jẹ́. Nínú àwọn tó jẹ́ tuntun, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní triac ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Iná tiwa ní Nàìjíríà máa ń yí ìhà tó ń lọ padà ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé ìyípo rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá náà jẹ́ 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìyípadà méjì. Nínú ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, triac á kọ́kọ́ dá iná dúró, lẹ́yìn náà á jẹ́ kó kọjá. Bí a bá tẹ pẹ́dàlì wọlé, á tètè jẹ́ kó kọjá, mọ́tò á sì sáré. Bí a bá fà á sẹ́yìn, á pẹ́, mọ́tò á sì rọra.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú pẹ́dàlì kì í ṣe kábọ́nù, kì í sì í ṣe triac. Sípíríǹgì ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti gbéra, sípíríǹgì á ti pẹ́dàlì padà, ẹ̀rọ á sì dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí láti pa á. Aránṣọ lè sín, ẹnìkan lè pè é láti ẹ̀yìn, ọmọ lè ṣubú níta. Ara rẹ̀ á sún kúrò, abẹ́rẹ́ á dúró. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi rọ́pò pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ máa ṣe èyí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ rẹ́gúlétọ̀ ti wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníṣẹ́ iná tí mo bọ̀wọ̀ fún, kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí n yọ pẹ́dàlì dànù, kí n fi rẹ́gúlétọ̀ fáànù sí ojú ọ̀nà iná, kí aránṣọ máa fi ọwọ́ yí i. Mi ò gbà fún wọn rí. Ibi tí a bá yí rẹ́gúlétọ̀ sí ni yóò dúró sí. Bí ìka bá há sábẹ́ abẹ́rẹ́, ọwọ́ kejì ní láti wá nọ́bù rí kí ó sì yí i kí ẹ̀rọ tó dúró, bẹ́ẹ̀ ẹni tí nǹkan gún kì í ronú kan nọ́bù. Èyí tó burú jù lọ ni ti iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí aránṣọ wà lẹ́nu iṣẹ́, nọ́bù wà lórí ìrìn kíákíá, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́ láti fi òwú bọ̀ ọ́ tàbí láti pààrọ̀ bọ́bìn. Lójijì ni iná dé. Kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí ohunkóhun, ẹ̀rọ sì ti ń sáré. Lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, bí kò bá tilẹ̀ sí ìdí mìíràn, mi ò lè so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹnikẹ́ni. Ìdí mìíràn sì wà: fáànù àjà ni wọ́n ṣe é fún, mọ́tò fáànù àjà kò sì rí bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpele ìpele ni ọ̀pọ̀ wọn ń fò. Aránṣọ nílò kí ìrìn abẹ́rẹ́ máa yí padà láìsí ìfò, pàápàá láàrin dídúró àti ìrìn àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nítòsí ọjà Akẹ̀sán, agbádá àti dàńṣíkí ni iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ló sì ti ń lò kí wọ́n tó bá a ra oníná. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ wo ni ẹ fẹ́ kí n gbé e fún?" Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ọwọ́ òsì mi ló ń mọ ibi tí aṣọ ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń fún un ní àyè. Èwo lo fẹ́ gbà níbẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, mo ti ń ka ìka ọwọ́ mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ nílò ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí aṣọ. Ohun tí a lè yá lò ni ìgbọ̀nwọ́, tàbí apá láàrin ìgbọ̀nwọ́ sí ọrùn ọwọ́, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó sinmi lórí tábìlì.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é fún ẹ̀rọ inú ilé kì í gé wáyà kankan. Pẹ́dàlì tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo máa ń gbé kúrò nílẹ̀ sórí pákó kan lápá ọ̀tún tábìlì, mo sì máa ń dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà yẹ̀. Lókè rẹ̀ ni ọ̀pá pákó mìíràn wà, tí ìdí rẹ̀ so mọ́ híńjì, tí orí rẹ̀ sì gùn kọjá pẹ́dàlì wá síwájú, sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ aránṣọ máa ń sinmi sí. Gígùn ọ̀pá yìí ni ọgbọ́n ibẹ̀. Pẹ́dàlì kì í rìn jìnnà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára sì lè pín ìrìn kékeré yẹn sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí orí ọ̀pá bá ní láti rìn ní ìlọ́po mẹ́ta ìrìn pẹ́dàlì, apá á ráyè mọ ìyàtọ̀ láàrin jẹ́jẹ́ àti kíákíá.

Apá ènìyàn wúwo ju bí a ti rò lọ. Bí a bá jẹ́ kó sinmi lórí ọ̀pá náà lásán, ìwúwo rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí ẹ̀rọ máa rìn. Mo máa ń fi sípíríǹgì kejì sábẹ́ ọ̀pá, èyí tó lágbára tó láti gbé apá tó ń sinmi dúró, tí aránṣọ á fi ní láti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó ṣí. Sípíríǹgì yìí kì í bára dọ́gba fún ènìyàn méjì. Ìyá kan tí apá rẹ̀ ti rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn nílò èyí tó rọ̀, géńdé tó ń fi ọ̀pá rìn, tí èjìká rẹ̀ le, nílò èyí tó tako apá rẹ̀ dáadáa. Lábẹ́ orí ọ̀pá náà ni bóòtù kan máa ń wà, tí a lè yí sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ọ̀pá má lè wọlé kọjá ibi tí a bá fẹ́. Bí aránṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, a ó yí bóòtù náà sókè kí ẹ̀rọ má lè sáré rárá. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wá nínú nọ́bù gan-an nìyí, ìyẹn kí a lè fi òpin sí ìrìn abẹ́rẹ́; bóòtù ń fún wọn láìgba ìpadàbọ̀ sípíríǹgì lọ́wọ́ wọn.

Apá ọ̀tún ni mo ń gbé e sí, àfi bí apá ọ̀tún kò bá ṣiṣẹ́, nítorí pé apá òsì abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ aṣọ máa ń kó jọ sí. Agbádá tí a kó lé ọ̀pá lórí á tẹ̀ ẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á sì máa lọ láìsí àṣẹ. Lápá ọ̀tún náà, mo máa ń fi pákó kéékèèké ṣe ògiri yí i ká, kí aṣọ tó bá fò wá síbẹ̀ lè dúró lórí ògiri. Ní ti ibi tí apá ń fara kàn, ìlú Ọ̀yọ́ ti tọ́jú ìyẹn fún wa: àwọn oníṣẹ́ awọ tó ń rán tìmùtìmù ló ń bá mi rán tìmùtìmù kékeré kan tó ní fóòmù nínú, tí mo ń kàn mọ́ orí ọ̀pá. Awọ kì í ta ara, òógùn kì í tètè bà á jẹ́, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìtú nǹkan mìíràn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti iná yékéyéké, nítorí pé ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ la gbé sórí tábìlì yìí. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ẹ̀rọ ilé, iná tó wọ inú rẹ̀ ni iná ara ògiri gan-an, kì í ṣe iná kékeré. Pẹ́dàlì tí ara rẹ̀ ti sán kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọwọ́ wà. Omi tí a ń fọ́n sí aṣọ kí a tó lọ̀ ọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kan náà. A kì í ṣí pẹ́dàlì láì kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kí a pa súwíìṣì ẹ̀rọ nìkan kò tó. Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná wọn jẹ́ fóltì 120, tiráńsífọ́mà tó ń dín iná tiwa kù gbọ́dọ̀ wà láàrin, nítorí pé pẹ́dàlì rẹ̀ kò lè fara da fóltì 230.

Aṣọ òkè ló máa ń dán gbogbo ètò yìí wò. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn, tí a ń so ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òmíràn títí yóò fi fẹ̀: níbi tí ojú ìrán méjì bá ti pàdé, aṣọ á nípọn lójijì, mọ́tò á sì nílò agbára púpọ̀ sí i. Pẹ́dàlì oníkábọ́nù kì í ṣe dáadáa níbẹ̀ bí a bá ń lọ jẹ́jẹ́. Bí mọ́tò ṣe ń béèrè iná púpọ̀ ni kábọ́nù náà ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ á dúró, mọ́tò á máa kùn láìyí, bí aránṣọ bá sì tẹra mọ́ ọn, á gbóná. Nígbà tó bá wá já gbà, á fò. Ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń mọ èyí tẹ́lẹ̀, á sì tètè fà sẹ́yìn. Ìgbọ̀nwọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tí aṣọ òkè bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbà á nímọ̀ràn láti lo pẹ́dàlì oní-triac, kí ó sì máa fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kọjá ibi tó nípọn gan-an, bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ti ń ṣe.

Ẹ̀rọ ńlá ti ilé-iṣẹ́, èyí tó ní mọ́tò tí wọ́n ń pè ní servo lábẹ́ tábìlì, rọrùn ju ti inú ilé lọ. Pẹ́dàlì tirẹ̀ kò ní iná nínú. Irin gbọọrọ kan ló so ó mọ́ apá kékeré tó wà lára mọ́tò, apá náà ló ń sọ fún mọ́tò bí yóò ṣe sáré tó, sípíríǹgì tirẹ̀ ló sì ń fà á padà. A lè yọ irin yẹn, kí a so wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà mọ́ apá kékeré náà, kí a mú wáyà náà gba abẹ́ tábìlì lọ sára ọ̀pá ìgbọ̀nwọ́. Wáyà yìí wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń ta ohun èlò ọ̀kadà, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ dáadáa nínú ike rẹ̀ bí a bá fi òróró sí i. Lára àpótí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni a ti lè yan òpin ìrìn abẹ́rẹ́, nítorí náà a kò nílò bóòtù. Ní ti àwọn ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, irú bí àwọn kan lára ti ilé-iṣẹ́ Brother, bọ́tìnnì wà lójú wọn tí a ń tẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n dúró nígbà tí a bá ti yọ pẹ́dàlì, àti ohun tí a ń tì láti yan ìrìn. Wọ́n dára fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fún àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn. Síbẹ̀, bọ́tìnnì tí a tẹ̀ tí a sì fi sílẹ̀ kì í padà fúnra rẹ̀, nítorí náà mi ò fi wọ́n sípò kìíní fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́.

Kíkọ́ rẹ̀ kò ṣòro tó bí a ti rò. Ìwé onílà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán, láìfi òwú sí abẹ́rẹ́, bí a ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ń ti aṣọ síwájú, ìgbọ̀nwọ́ náà á fẹ́ tẹ̀lé e, ẹ̀rọ á sì sáré ní ibi tí a kò fẹ́. Bí èyí kò bá lọ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó bọ̀, ibi tí ọ̀pá wà ló yẹ kí a yí padà, kì í ṣe ènìyàn náà. Mo máa ń sún un sẹ́yìn títí yóò fi bá ibi tí ìgbọ̀nwọ́ kì í ti ṣí nígbà tí ọwọ́ bá ń rìn. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ni mo máa ń jẹ́ kó sọ ìgbà tó bá dé ibẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò tíì rí ojútùú tó tẹ́ mi lọ́rùn sí. Lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, orúnkún ni a fi ń gbé irin tó ń di aṣọ mú sókè, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí a lè yí igun aṣọ láìgbé ọwọ́ kúrò. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní láti na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ gbé e ní gbogbo igun, nínú ọrùn agbádá tó ní iṣẹ́ púpọ̀, igun kì í tán. Mo ń gbìyànjú wáyà ọ̀kadà kejì sí ìgbọ̀nwọ́ òsì, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń kó jọ lápá òsì ń dí i lọ́wọ́, sípíríǹgì ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sì le ju ti mọ́tò lọ fíìfíì. Bóyá àgbọ̀n ni yóò gba iṣẹ́ yìí, bóyá èjìká. Bí aránṣọ kan bá wà ní Ọ̀yọ́, ní Awẹ́ tàbí ní Ìlọrà tó ti rí ọgbọ́n tirẹ̀ dá sí i, inú mi yóò dùn láti wá jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ kí n wò ó.